Ìtàn Ọkàn Tí Ó Gan

Nínú èdè wa, bí a bá sọ pé ọkàn ènìyàn kan le, ìwà rẹ̀ ni a ń sọ. Fáráò ni àwọn onígbàgbọ́ yóò kọ́kọ́ rántí, àwọn mìíràn yóò sì rántí baálé kan tí kò fetí sí ẹ̀bẹ̀ rí. Ọkàn tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ níhìn-ín kì í ṣe ti ìwà. Ọkàn ẹlẹ́ran ara ni, èyí tí ó wà nínú àyà, tí ó ń lù tọ̀sán-tòru láìsinmi. Líle tirẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ó máa ń bá awọ tí òjò pa tí oòrùn sì gbẹ. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá èyí mu ju líle lọ, òun ni gígan. Awọ a máa gan, ọrùn a máa gan, aṣọ tí a fi sítáàṣì sí a máa gan. Nítorí náà, ọkàn gígan ni n ó máa wí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìwàásù ni mo fẹ́ ṣe.

Ẹni tí ó bá ti jókòó ní ilé àgbẹ̀dẹ rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ni ẹwìrì ń ṣe. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn jáde, ó sì ń fa atẹ́gùn wọlé. Bí ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́ tí ń fín in kò bá lágbára, atẹ́gùn kò ní í tó, iná yóò sì kú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé awọ ẹwìrì ni ó gan, bí ó ti wù kí ọwọ́ ọmọ náà lágbára tó, ẹwìrì kò ní í là tó bí ó ti yẹ, ohun tí kò sì wọlé kò lè jáde. Iná yóò kú bákan náà. Àgbẹ̀dẹ tí ó gbọ́n kò ní í tìtorí pé iná kú kí ó lé ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ lọ; yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan awọ ẹwìrì wò ná. Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó fọwọ́ kan awọ, ìtàn bí wọ́n sì ti ṣe é ni mo fẹ́ sọ.

William Harvey, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó tẹ ìwé kan jáde ní ìlú Frankfurt ní 1628, nínú èyí tí ó ti fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń yí ara po, pé ọkàn ni ó ń tì í jáde, àti pé inú ọkàn náà ni ó ń padà bọ̀. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó gbà pé ìgbà tí ọkàn bá ń fẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Harvey ní rárá o, ìgbà tí ó bá ń súnkì ni. Òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òtítọ́ náà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dá ojú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Sísúnkì ọkàn ni gbogbo wọn ń wò. Dídẹ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí òṣìṣẹ́ jókòó sinmi lábẹ́ igi, ta ni ó sì máa ń wo ẹni tí ń sinmi?

Àwọn méjì kan wò ó ṣá. Ní 1895, Otto Frank ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì fi ọkàn àkèré ṣe ìdánwò. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń sún mọ́lé, Ernest Starling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù fi ọkàn ajá ṣe tiwọn. Ohun kan náà ni wọ́n rí: bí ẹ̀jẹ̀ tí ó kún inú ọkàn bá ti pọ̀ tó, tí iṣan rẹ̀ sì ti nà tó, bẹ́ẹ̀ ni ìlù tí ó tẹ̀ lé e yóò ṣe lágbára tó, títí dé ìwọ̀n kan. Frank tilẹ̀ ya àwòrán bí ìfúnpá inú ọkàn tí ó dẹ̀ ti ń gòkè bí a ti ń rọ nǹkan kún un: díẹ̀díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kíákíá, bí ẹni pé ohun kan wà nínú iṣan náà tí ó ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ohun náà kò ní orúkọ. Yóò tó ọgọ́rin ọdún kí ó tó ní.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ àìsàn tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àárẹ̀ ọkàn ni mo ń pe ipò tí ọkàn kò ti lè rán ẹ̀jẹ̀ tí ara ń fẹ́ lọ mọ́, tàbí tí kò lè rán an lọ àfi kí ìfúnpá inú rẹ̀ ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ yóò wá máa ṣẹ́ sẹ́yìn bí omi odò tí a sé. Omi yóò rọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, aláìsàn yóò máa mí hẹlẹ bí ó bá gun àtẹ̀gùn, kò ní í lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ ní òru, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wú. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n lójú bí wọn kò tilẹ̀ mọ orísun rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Withering ti tẹ ìwé jáde ní 1785 lórí ewé kan tí ó fi ń tọ́jú àwọn tí ara wọn wú, láti inú ewé mìíràn tí ó bá a tan sì ni oògùn tí ń jẹ́ dìgọ́síìnì ti jáde. Oògùn náà a máa fi agbára kún sísúnkì ọkàn. Láti ìgbà náà ni ó ti wọ oníṣègùn lára pé bí ọkàn bá rẹ̀, agbára ni kò ní.

Nígbà tí ó di àárín àwọn ọdún 1980, tí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọkàn tí ń lù ti wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn, ohun ìyanu kan hàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń mí hẹlẹ yìí, tí ẹsẹ̀ wọn wú, ni ọkàn wọn ń súnkì dáadáa. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ ìyẹ̀wù òsì, ọkàn náà ń tì ju ìdajì lọ jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé ẹni tí ó ṣe àyẹ̀wò ni kò ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n iye wọn ń pọ̀ sí i ni. Lónìí a mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì gbogbo àwọn tí ó ní àárẹ̀ ọkàn ni ó wà ní ipò yìí, àwọn àgbàlagbà àti obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́ lágbára. Awọ ẹwìrì ni ó gan.

N kò ní í kọjá láìsọ pé ìròyìn yìí kì bá tí jẹ́ ìyanu fún àwọn oníṣègùn tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. J. N. P. Davies ti ṣe àpèjúwe àìsàn kan ní Kampala ní ilẹ̀ Ùgáńdà ní 1948, nínú èyí tí àpá líle bo ìhà inú ọkàn bí èèpo, tí kò jẹ́ kí ó gba ẹ̀jẹ̀. Ní 1959, D. G. Abrahams kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Ìbàdàn, E. H. O. Parry pẹ̀lú rẹ̀ sì tún kọ òmíràn ní àwọn ọdún 1960. Ọ̀pọ̀ àwọn tí àìsàn náà mú ni ó jẹ́ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Nítorí náà, pé ọkàn lè kú nítorí pé kò là, kì í ṣe nítorí pé kò fún pọ̀, wọ́n ti mọ èyí ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín kí àwọn ẹ̀rọ ayàwòrán tó dé. Ṣùgbọ́n ti Ìbàdàn, àpá ni ó fà á, ojú sì lè rí i bí a bá la ọkàn òkú. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn ti òkè òkun, kò sí èèpo kankan níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún. Níbo ni gígan náà wá farapamọ́ sí?

Láti dáhùn, a ní láti padà sẹ́yìn, kí a sì kúrò lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìwádìí ẹran lásán. Pùrótéènì, tí àwọn olùkọ́ ìlera wa ń pè ní èròjà amúaradàgbà, ni a fi mọ iṣan. Ní 1864, Wilhelm Kühne, ará Jámánì, yọ ọ̀kan jáde nínú iṣan ó sì pè é ní myosin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní ìlú Szeged ní ilẹ̀ Họ́ńgárì, F. B. Straub, tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Albert Szent-Györgyi, rí èkejì ní 1942, ó sì pè é ní actin. Ní oṣù Karùn-ún 1954, ìwé ìwádìí méjì jáde nínú ìtẹ̀jáde kan náà, ọ̀kan láti ọwọ́ Andrew Huxley àti Rolf Niedergerke, èkejì láti ọwọ́ Hugh Huxley àti arábìnrin Jean Hanson. (Àwọn Huxley méjèèjì kò bá ara wọn tan.) Wọ́n ṣàlàyé pé iṣan kò fúnra rẹ̀ ká bí ìgbín, fọ́nrán méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nípọn, èkejì tín-ín-rín, wọ́n sì ń yọ́ wọ àárín ara wọn bí ìgbà tí ènìyàn ki ìka ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín ìka ọwọ́ òsì. Oríkèé oríkèé ni wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí oparun. Oríkèé kọ̀ọ̀kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá to 500 wọn lé ara wọn, gígùn wọn kò ju mìlímítà kan lọ.

Àlàyé náà dára, ó sì dúró títí di òní. Ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ ṣá o. Bí ó bá jẹ́ fọ́nrán méjì tí ń yọ́ kọjá ara wọn nìkan ni iṣan, kí ni ó ń dá a padà sí ipò rẹ̀ nígbà tí a bá fà á tí a sì fi í sílẹ̀? Kí ni ó ń mú kí fọ́nrán tí ó nípọn dúró ní àárín gbùngbùn oríkèé, tí kò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan? Hanson àti Huxley fúnra wọn fura pé okùn kan tí ó dà bí rọ́bà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí i mú. Ní 1954 yìí kan náà, Reiji Natori ní Tokyo bó awọ kúrò lára fọ́nrán iṣan kan ṣoṣo, iṣẹ́ tí ó gba ọwọ́ jẹ́jẹ́, ó sì rí i pé bí a ti bó o tó nì, bí a bá fà á, ó tún ń fà padà. Gígan náà kò sí nínú awọ. Inú ni ó wà.

Koscak Maruyama, ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì, tẹ̀ lé ipa ọ̀nà yìí. Ó fi omi iyọ̀ líle yọ myosin àti actin kúrò nínú iṣan, bí ẹni tí ó ń fọ ìgbátí òwò kúrò lára igbá, ohun tí ó sì ṣẹ́ kù ṣì ń fà bí rọ́bà. Ní 1976, ó sọ ohun náà ní connectin, nítorí pé ó so nǹkan pọ̀. Ní 1979, Kuan Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ní Austin rí ohun kan náà láti ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà ya pùrótéènì sọ́tọ̀ ni pé wọn a gbé e sórí ohun kan tí ó dì bí ẹ̀kọ tútù, wọn a sì fi iná mànàmáná fà á gba inú ẹ̀kọ náà kọjá. Èyí tí ó kéré a sáré, èyí tí ó tóbi a máa wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá tóbi jù kò lè wọ inú ẹ̀kọ rárá. Orí rẹ̀ ni yóò jókòó sí, ẹni tí ó ń wá nǹkan mìíràn kò sì ní í bojú wò ó. Wang po ẹ̀kọ tirẹ̀ kí ó ṣàn díẹ̀, bí asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀, òmìrán náà sì wọlé. Pùrótéènì tí ó tóbi jù lọ tí a tíì rí nínú ara ènìyàn ni, ó sì pọ̀ nínú iṣan tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé myosin àti actin nìkan ni ó jù ú lọ. Wang sọ ọ́ ní titin, láti inú orúkọ àwọn òmìrán inú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríìkì.

Orúkọ Wang ni ayé mú. Nínú àṣà tiwa, bí ẹnìkan bá ti sọ ọmọ lórúkọ, ẹlòmíràn lè fi orúkọ tirẹ̀ kún un. Kò sí ẹni tí yóò tìtorí orúkọ kejì gbàgbé èkíní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ Jàpáánì fi ń kọ connectin, tí àwọn onínúure mìíràn sì ń kọ méjèèjì pọ̀. Mo gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Èmi náà yóò máa pè é ní titin láti ìhín lọ nítorí pé òun ni òǹkàwé yóò bá pàdé ní ibòmíràn, ṣùgbọ́n kí a mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ọmọ náà.

Ní 1995, Siegfried Labeit àti Bernhard Kolmerer ní Heidelberg tú àṣírí bí a ti to titin. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ gùn láti ògiri oríkèé títí dé àárín oríkèé náà. Èyí tí ó gùn jù tí jíìnì rẹ̀ lè ṣe ní ohun tí ó lé ní 38,000 èròjà kéékèèké tí a fi ń mọ pùrótéènì, nígbà tí ó jẹ́ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni ti àwọn pùrótéènì mìíràn. Jíìnì yìí ní ìpín 363. Apá kan lára titin le, ó lẹ̀ mọ́ fọ́nrán tí ó nípọn. Apá kejì ni ó ń nà tí ó sì ń súnkì. Apá tí ń nà yìí ní àwọn kókó tí ó tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn, ó sì ní ibi tí kò ní kókó, tí ó ká jọ lásán. Ní oṣù Karùn-ún 1997, àwùjọ olùwádìí mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀, ròyìn pé àwọn ti mú ẹyọ titin kan ní orí àti ní ìdí, àwọn sì ti fà á. Àwùjọ méjì lo ìtànṣán iná láti dì í mú, ẹ̀kẹta lo abẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ohun tí ojú lè rí lọ. Nígbà tí wọ́n fà á pẹ̀lú agbára ńlá, kókó a máa tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, wọn a tún di kókó padà. Nínú ọkàn alààyè, fífà náà kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ibi tí ó ká jọ ni ó sábà máa ń nà.

Oríṣi méjì ni titin inú ọkàn ènìyàn. Jíìnì kan náà ni ó ń ṣe méjèèjì, bí ìwé kan tí akọ̀wé méjì dà kọ, tí ọ̀kan fo ojú ìwé púpọ̀ tí èkejì kò sì fo tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí a fo púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrú, ó sì gan. Èyí tí a fo díẹ̀ gùn, ó sì rọ̀. Ẹni tí ó bá fi rọ́bà ṣe kànnàkànnà rí mọ̀ pé rọ́bà kúkúrú le í fà ju gígùn lọ. Ọkàn ọmọ inú oyún kún fún èyí tí ó gùn. Lẹ́yìn ìbí ni èyí tí ó kúrú ń gba ipò. Ìpààrọ̀ yìí kì í yá. Ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ni ó ń gbà.

Ṣùgbọ́n ara ní ọ̀nà mìíràn tí ó yá. Bí ẹnìkan bá ń sáré, ọkàn rẹ̀ ń lù kíákíá, àyè tí ó ní láti kún kò sì tó nǹkan. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Henk Granzier ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ́ńsáìmù kan, èyí tí ń jí nígbà tí ara bá gbóná fún iṣẹ́, a máa lẹ fọ́sféètì mọ́ titin, titin a sì rọ̀. Ní 2009, Martina Krüger àti Wolfgang Linke pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Jámánì fi hàn pé ẹ́ńsáìmù kejì a máa ṣe bákan náà. Ní ọdún náà ni a tún mọ̀ pé ẹ̀kẹta wà, tí ó ń lẹ fọ́sféètì tirẹ̀ mọ́ ibòmíràn lára titin, tí ó sì ń mú un gan sí i. Ohun kan náà, ibi tí a fi í sí ni ó mú ìyàtọ̀ wá.

Ìgbà yìí ni àwọn onímọ̀ ẹran lásán àti àwọn oníṣègùn pàdé. Ní 2005, Attila Borbély, Walter Paulus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amsterdam tẹ ìwádìí kan jáde tí mo kà sí kókó gbogbo ìtàn yìí. Wọ́n gba ẹran bín-íntín láti inú ọkàn àwọn aláìsàn tí ọkàn wọn ń súnkì dáadáa ṣùgbọ́n tí ó rẹ̀. Wọ́n ya sẹ́ẹ̀lì iṣan sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì fà á. Kò sí àpá ara rẹ̀, kò sí awọ, kò sí ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ ó gan ju ti àwọn tí kò ní àìsàn lọ. Wọ́n wá fi ẹ́ńsáìmù tí ń lẹ fọ́sféètì sí i, gígan náà sì lọ, sẹ́ẹ̀lì náà rọ̀ bí ti àwọn aláìlárùn. Àwọn tí kò ní àìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà nígbà tí wọ́n fi ẹ́ńsáìmù kan náà sí wọn, nítorí pé fọ́sféètì ti wà lára tiwọn tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: titin aláìsàn kò bàjẹ́. Ohun tí ó yẹ kí ara máa fi rọ̀ ọ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ni kò jẹ́ kí ó dé? Ní 2013, Paulus àti Carsten Tschöpe dá àbá kan. Wọ́n ní sísanra jù, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti irú wọn ń mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ọkàn máa gbóná bí ojú egbò, pé nítorí èyí wọn kì í lè pèsè ohun tí ń jí ẹ́ńsáìmù kejì tí mo dárúkọ, pé titin a sì wà láìní fọ́sféètì. Àbá tí ó wuni ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún náà gan-an ni èsì ìdánwò kan ti jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn aláìsàn irú èyí ní sildenafil, oògùn tí gbogbo ayé mọ̀ fún iṣẹ́ mìíràn tí n kò ní í dárúkọ nínú ìwé àwọn ọmọlúàbí, nítorí pé ó ń mú kí ohun tí ń jí ẹ́ńsáìmù yẹn pọ̀. Ènìyàn 216 ni ó kópa, ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n fi lò ó. Agbára àtirìn wọn kò pọ̀ ju ti àwọn tí kò lo oògùn náà lọ. Ìdánwò kan kò tó láti wó ilé, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí onílé tún ìpìlẹ̀ wò.

Àwọn kan sì wà tí wọn kò gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé titin ni ó jẹ̀bi. Kọ́lájìn ni wọ́n ń nawọ́ sí, okùn líle tí ó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì àti sẹ́ẹ̀lì, tí ó ń pọ̀ sí i bí ènìyàn ti ń dàgbà àti bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń pẹ́ lára. Ẹjọ́ náà gùn. Ní 1995, Granzier àti Thomas Irving ti fi iṣan ọkàn eku hàn pé bí a bá fà á níwọ̀nba, titin ni ó ń gan jù. Bí a bá fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kọ́lájìn ń gba iṣẹ́. Ní 2015, Michael Zile àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní South Carolina, pẹ̀lú Granzier, gba ẹran ọkàn lára àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan, tí ọkàn wọn kò tíì rẹ̀, kò gan ju àwọn tí kò ní in lọ. Àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọkàn wọn sì ti rẹ̀ ni ó gan, titin àti kọ́lájìn ni ó sì jùmọ̀ fà á. Mo rò pé bí ẹjọ́ náà ti yẹ kí ó parí nìyẹn, bí àwọn olùjẹ́jọ́ kò tilẹ̀ tíì jókòó.

Kí òǹkàwé má rò pé rírọ̀ ni ó dára nígbà gbogbo. Ní 2002, Linke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọkàn àwọn tí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn dí fún ìgbà pípẹ́. Titin tí ó gùn tí ó sì rọ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkàn irú wọn fẹ̀ bí àpò tí kò ní okùn, kò sì lè fún pọ̀. Ní 2012, ìwádìí kan láti Boston fi hàn pé nínú àwọn ìdílé tí ọkàn fífẹ̀ ti ń jẹ́ àjogúnbá, nǹkan bí ìdámẹ́rin ni ó ní jíìnì titin tí ó gé ní àárín. Ní ọdún náà ni Wei Guo, Marion Greaser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eku kan tí ó ti ń yà wọ́n lẹ́nu ní Wisconsin: titin rẹ̀ tóbi kọjá ààlà. Jíìnì mìíràn, RBM20, ni ó bàjẹ́ lára eku náà, èyí tí ó jẹ́ akọ̀wé tí ń fo ojú ìwé. Akọ̀wé kò sí, kò sí ohun tí a fò. Àwọn ènìyàn tí RBM20 tiwọn bàjẹ́ sì wà, ọkàn wọn a máa fẹ̀, a sì máa lù ségesège. Síbẹ̀ àwọn olùwádìí ti rí i pé bí a bá dín agbára akọ̀wé yìí kù díẹ̀ lára eku tí ọkàn rẹ̀ gan, ọkàn náà a máa rọ̀. Láti díẹ̀ dé púpọ̀, ọ̀nà náà kò jìn. Nítorí náà ni kò fi yá wọn lára láti gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ẹnu ọ̀nà. Ìwádìí tí a ṣe ní ilé ìwòsàn 12 ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, tí a tẹ̀ jáde ní 2012, ka ènìyàn 1,006 tí àárẹ̀ ọkàn gbé dé ilé ìwòsàn; ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á lára nǹkan bí 45 nínú 100, ọjọ́ orí wọn ní ìpíndọ́gba sì jẹ́ ọdún 52. Nínú àkọsílẹ̀ ti Abẹ́òkúta, tí ó jáde ní 2014, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á lára nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún. Ní òkè òkun, àìsàn àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì ni. Níhìn-ín, àìsàn ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní ilé-ìwé ni. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà a kọ́kọ́ nípọn, a sì gan. Bí kò bá rí ìtọ́jú, ó lè wá fẹ̀ kí agbára rẹ̀ sì tán. Ọ̀pọ̀ ni kì í dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn àfi ní ìpele kejì yìí, tí ìgbà gígan ti kọjá láìsí ẹni tí ó wò ó. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru sì nìyí, rọ́bà tí a ń so mọ́ apá àti ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò nílò ẹ̀rọ ìtànṣán, kò sì nílò ẹran ọkàn.

Ní 2021, oògùn kan tí a ṣe fún àwọn onítọ̀ ṣúgà, empagliflozin, ni ó kọ́kọ́ jẹ́rìí gbangba nínú ìdánwò ńlá fún àwọn tí ọkàn wọn ń súnkì dáadáa síbẹ̀ tí ó rẹ̀. Ènìyàn 5,988 ni ó kópa. Nínú àwọn tí ó lò ó, 13.8 nínú 100 ni ó kú nítorí ọkàn tàbí ọ̀ràn òpó ẹ̀jẹ̀, tàbí tí àárẹ̀ ọkàn dá padà sí ilé ìwòsàn. Nínú àwọn tí kò lò ó, 17.1 ni. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú èrè náà ni pé wọn kò padà sí ilé ìwòsàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Kíndìnrín ni oògùn náà ń bá ṣiṣẹ́, ó ń mú kí ṣúgà àti iyọ̀ bá ìtọ̀ jáde; a kò ṣe é fún titin rárá, àwọn olùwádìí sì ń jiyàn lórí ọ̀nà tí èrè rẹ̀ gbà ń dé inú ọkàn.